Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹlẹ́gbẹ́ Rẹ̀: Bí Ìwé Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Ṣe Dé Ọwọ́ Wa

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn katikíìsì, a rán mi lọ sí ìletò kan ní ẹ̀bá Òṣogbo. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, àlejò kan tí kò gbọ́ Yorùbá bẹ̀ wá wò, a sì ní kí èmi ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Ìwàásù náà lọ dáradára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a túká, àlejò wa ka àdúrà kan láti inú Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì ti àtijọ́, nínú èyí tí a gbé lo ọ̀rọ̀ náà “prevent”. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti kọ́ ọ sórí láti ìgbà èwe mi pé “prevent” ni kí a dí ènìyàn lọ́wọ́ kí ó má lè ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. Nítorí náà mo gbé ohùn mi sókè, mo sì bẹ Ọlọ́run kíkankíkan pé kí ó dí wa lọ́wọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ wa. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó ní iwájú kò dúró kí àdúrà parí. Ó ní, “Háà, Tíṣà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o!” Gbogbo ìjọ bú sí ẹ̀rín, ojú sì tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ bí mo ti ṣe parí àdúrà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo rí i pé láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ni kí a ṣáájú, kí a kọ́kọ́ dé. Nígbà tí a ṣe Ìwé Àdúrà náà ní ọdún 1662, ohun tí a ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ó máa lọ níwájú wa. Ìtumọ̀ tí èmi kọ́ sórí kì í ṣe irọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ náà lónìí. Àṣìṣe mi ni pé mo mọ ìtumọ̀, n kò sì wo gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe ìwádìí bí àwọn ènìyàn ti ṣe kọ́ láti kó ọ̀rọ̀ jọ, láti túmọ̀ rẹ̀, àti láti fi í hàn nínú gbólóhùn. Mo kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ síhìn-ín fún ẹ̀yin òǹkàwé, pàápàá fún àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo tí òùngbẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbẹ.

Kí a má ṣe rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ń dà láàmú. Ó da àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá láàmú rí. Ní ìgbà kan, àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ń yá ọ̀rọ̀ láti inú èdè Látìnì, Gíríìkì àti Faransé, títí tí ará ilé fi ń gbọ́ ìwàásù ní èdè ara rẹ̀ tí kò sì yé e. Ní ọdún 1604, olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Cawdrey tẹ ìwé kékeré kan jáde, nínú èyí tí ó to nǹkan bí 2,500 ọ̀rọ̀ líle, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ rírọrùn túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ni a kà sí ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kúkúrú nìkan ni ó wà níbẹ̀. Kò fi hàn bí a ti í lo ọ̀rọ̀ náà, tàbí irú ènìyàn tí a lè sọ ọ́ fún.

Ó tó nǹkan bí 150 ọdún kí ẹlòmíràn tó ṣe àtúnṣe ńlá sí èyí. Ní ọdún 1755, Samuel Johnson ti ìlú Lichfield tẹ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ju 40,000 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ìwé náà yàtọ̀ ni pé Johnson kò dúró lórí ìtumọ̀. Ó fi gbólóhùn tí ó ju 110,000 lọ, tí ó ṣà láti inú ìwé àwọn òǹkọ̀wé rere, ti àwọn ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, kí òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn láàrin àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìtumọ̀ dà bí orúkọ ènìyàn, gbólóhùn sì dà bí ìwà rẹ̀. Ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ nìkan kò tí ì mọ̀ ọ́.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí fún èdè wa ni Samuel Àjàyí Crowther. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní ìlú wa a máa fi ayọ̀ sọ pé ọmọ Òṣogbo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣogùn, ní ìhà Ìsẹ́yìn, ni a gbé bí i. Ìró orúkọ méjèèjì ni ó jọra. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó ìlú náà, tí wọ́n sì mú Àjàyí lọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn akónilẹ́rú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ní ọdún 1843, ọdún kan náà tí a fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé rẹ̀ tí ó kó ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì jọ jáde. Ẹni tí a gba èdè àjèjì sí lẹ́nu ní ìgbèkùn ni ó kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé báyìí.

Ṣùgbọ́n ìwé tí ó tún ṣe, tí ó sì fẹ̀ sí i ní ọdún 1852, ni mo fẹ́ kí a wò. Crowther ti padà wá sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Níbẹ̀ ni ó ti tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Níbẹ̀ náà ni ó ti ń fetí sí ẹnu àwọn àgbà, tí ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ fi hàn bí a ti í lo ọ̀rọ̀ Yorùbá, níbo ni yóò ti rí gbólóhùn? Johnson ní ilé tí ó kún fún ìwé láti ṣà nínú wọn. Ní èdè Yorùbá ìgbà náà, ìwé kò tí ì tó nǹkan. Crowther yíjú sí òwe. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé náà ni ó fi òwe àwọn baba wa sí, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òwe wọ̀nyí fa àwọn aláwọ̀ funfun mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí Richard Burton fi kó wọn sínú ìwé òwe ilẹ̀ Áfíríkà tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1865.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Àwọn baba wa ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Òwe jẹ́ gbólóhùn tí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dán wò, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò lè jókòó sínú rẹ̀ ní ibi tí kò yẹ ẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, jẹ. Bí a bá sọ fún àlejò pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni “eat”, òtítọ́ ni a sọ. Ṣùgbọ́n kí ni àlejò náà yóò rò nígbà tí ó bá gbọ́ pé ẹnì kan jẹ gbèsè, pé ẹnì kejì jẹ oyè, pé ẹnì kẹta jẹ ìyà, tí ẹnì kẹrin sì jẹ èrè? Gbólóhùn nìkan ni ó lè kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà “run” rí. Ènìyàn ń sáré, odò ń ṣàn, ẹnì kan ń darí ilé-ẹ̀kọ́, aṣọ ń ṣí àwọ̀. “Run” kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún Crowther. Lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ ti jáde, iná jó ilé rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe tuntun tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ sì bá a lọ. Síbẹ̀ àwọn mìíràn gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. T. J. Bowen, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1858. Ní ọdún 1913, ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ní apá méjì, Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá àti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ilẹ̀ wa fi lànà fún ìrandíran.

Kí ni ó kan àwa ará Òṣogbo àti Iléṣà nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá gidigidi. Ẹ rántí ogun Kírìjì, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1877 láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, nínú èyí tí àwọn Ìjẹ̀ṣà jà lábẹ́ Ògèdèǹgbé. Nígbà tí a fẹ́ parí ìjà náà ní ọdún 1886, àwọn àlùfáà Yorùbá méjì ni Gómìnà Èkó rán sí àwọn ibùdó ogun: Charles Phillips àti Samuel Johnson. Èyí kì í ṣe Johnson ti Lichfield. Èyí ni Johnson tiwa, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Àdéhùn tí wọ́n gbé lọ gbé bọ̀ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọba àti àwọn balógun kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé kí ìhà méjèèjì wà ní òmìnira, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ gàba lórí ẹnì kejì. Ẹ rò ó wò, bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ “independence” túmọ̀ gẹ́gẹ́ bí èmi ti ṣi “prevent” túmọ̀! Nínú ìjọ mi, ẹ̀rín ni ó ti ibẹ̀ wá. Ní ibùdó ogun, ẹ̀jẹ̀ ni ìbá ti ibẹ̀ wá.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, ní ọdún 1907. Akọ̀wé, ẹni tí ń wọn ẹrù, ẹni tí ń gba wáyà, olúkúlùkù wọn ni Gẹ̀ẹ́sì di oúnjẹ òòjọ́ fún. Ní Iléṣà, àwọn òṣómàáló ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á ní àwìn, wọn a sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n fi owó náà rán ọmọ wọn ní ilé-ìwé. Ní ọdún 1934, a dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀ nípa akitiyan Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà. Òṣogbo Grammar School tẹ̀ lé e ní ọdún 1950.

Ibẹ̀ ni àìsàn kan ti wọlé, èmi náà sì kó o. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn: bí ó bá ti gùn tó ni ó ṣe dára tó. Ọmọ yóò kọ́ ogún ọ̀rọ̀ sórí ní alẹ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, yóò dà wọ́n sílẹ̀ níwájú olùkọ́ ní òwúrọ̀, kò sì ní lè fi ọ̀kan nínú wọn kọ lẹ́tà sí baba rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì ti rí àìsàn yìí ní ilẹ̀ mìíràn, wọ́n sì wá egbòogi sí i. Michael West, ẹni tí ó ṣe olùkọ́ ní Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà, rí i pé ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ a máa fi ọ̀rọ̀ líle túmọ̀ ọ̀rọ̀ líle. Ní ọdún 1935 ó tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí ó fi 1,490 ọ̀rọ̀ rírọrùn péré túmọ̀ nǹkan bí 24,000 ọ̀rọ̀ àti àkànlò. Ẹnì kejì ni A. S. Hornby, ẹni tí ó lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1924. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Gatenby àti Wakefield, ṣe ìwé kan tí ó fi hàn, pẹ̀lú gbólóhùn àpẹẹrẹ, bí a ti í to ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Tokyo ni ìwé náà ti jáde ní ọdún 1942, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Japan ń bá ara wọn jagun. Ní ọdún 1948 ni ilé ìtẹ̀wé Oxford gbé e jáde fún gbogbo ayé. Ọmọ ìwé náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ń gbé dání lónìí. Ẹ kò rí i pé ohun tí Hornby ṣe ní Japan kò jìnnà sí ohun tí Crowther ti ṣe ní ọdún 1852? Ọ̀rọ̀, ìtumọ̀, gbólóhùn: okùn onímẹ́ta tí kì í tètè já.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó wà ní àyíká wa ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni “frugal”, òmíràn sì ni “miserly”. Ìwé kékeré lè sọ pé ẹni tí kì í fẹ́ náwó ni àwọn méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: “The cloth-seller was frugal, and so he was able to send his son to school.” Òṣómàáló nìyí, tí ń mu gààrí kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé. Ẹ tún gbọ́ èkejì: “The rich man was miserly, and he let his own child go hungry.” Ahun nìyí. Ìyìn ni ọ̀rọ̀ kìíní, èébú ni ọ̀rọ̀ kejì. Bí o bá fi èkejì kí baba ọ̀rẹ́ rẹ, ìwọ yóò rí ohun tí ojú rẹ yóò rí.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí ń wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ pé kí wọ́n máa kọ sínú ìwé wọn. Ìkíní ni ọ̀rọ̀ náà. Ìkejì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn. Ìkẹta ni gbólóhùn tí wọ́n ti bá a pàdé, láìyọ ohunkóhun kúrò. Ìkẹrin ni gbólóhùn tiwọn, nípa ilé wọn, ọjà wọn tàbí oko baba wọn. Mo tún ń sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sí i ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní oṣù kejì. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí a mọ̀ báyìí sàn ju àádọ́ta tí a gbé mì bí oògùn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, “Ṣé kò ní yá jù bí a bá pa Yorùbá tì, kí ọmọ má gbọ́ ohun mìíràn bí kò ṣe Gẹ̀ẹ́sì?” Ìdáhùn kò jìnnà sí Iléṣà. Ní ọdún 1970, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà àtẹ̀yìnwá, èyí tí ń yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a wọn iṣẹ́ wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn rárá. Wọ́n ta àwọn yòókù yọ, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tí ó ti ní ilé ni ó ń rí ibi gbé ẹrù tuntun sí.

Lónìí àwọn ọ̀rọ̀ tiwa pẹ̀lú ń wọ inú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ti Oxford gba ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láti Nàìjíríà wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ọ̀kadà àti dánfó wà lára wọn. Ní ọdún 2025 ó tún gba ogún mìíràn, àdìrẹ wà níbẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin Òṣogbo fi ń fọ́nnu, gèlè àti ẹ̀bà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó gba ọ̀nà tí àwa ń gbà lo “severally” náà, pé “ní ọ̀pọ̀ ìgbà”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé “lọ́tọ̀ọ̀tọ̀” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ó mú kí wọ́n gbà á? Gbólóhùn ni. Àwọn tí ń ṣe ìwé náà rí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú ohun tí àwa fúnra wa ti kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá kọ sínú gbólóhùn, kò sí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹ̀yin tí ń kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ pé kí ẹ ní ìwé kejì fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, pàápàá fún àwọn ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó ń bá àwọn àgbà lọ sí ibojì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ òwe tí ìyá yín àgbà fi sọ ọ́.

Ìyá tí ó dá mi lóhùn ní ọjọ́ náà ti sùn nínú Olúwa. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan, kò sì fọwọ́ kan ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ènìyàn kì í kúnlẹ̀ kí ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó dí òun lọ́wọ́. Gbólóhùn ni ó sọ fún un pé ìtumọ̀ tí mo mú wá kò tọ̀nà. Èmi tí mo ní ìwé lọ́wọ́ ni ó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ náà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.